Ìgbà Tí Ohùn Mẹ́trọ̀n Mùínátù Há

Ẹni tí kò bá mọ Mẹ́trọ̀n Mùínátù lójú ní Ìjẹ̀bú-Òde, á ti gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ a wá tẹ̀ lé e. Abọ́ tánganran ni ìyá rẹ̀ ń tà, láàárín àwọn tí ń fi abọ́ lu abọ́ láti pe oníbàárà, ọmọ tí a bá sì tọ́ nírú ibẹ̀ kò lè mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí ìyá náà kú, àbúrò Mùínátù ọkùnrin jogún ṣọ́ọ̀bù, òun jogún ohùn. Títí di òní ló ń sọ ọ́ pé àbúrò òun ni wọ́n pín ogún fún, òun ni wọ́n gbé ìyókù lé lọ́rùn.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló fi ohùn náà ṣe, láti ìgbà ọmọge títí ìjọba fi ní kó lọ sinmi nílé. Bí wọ́n bá ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ dára, pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló bọ́ sí i lọ́wọ́, a ní irọ́ ni, òun kò gbẹ̀bí kankan rí. Ó ní òun kàn ń pariwo ni, ọmọ inú á sì jáde wá wo ẹni tó ń pariwo.

Orin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú aboyún. Mẹ́trọ̀n á dá a, àwọn aboyún á gbè é, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ èsì àyẹ̀wò wọn lójú gbogbo èrò: ẹni tí ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ẹni tó ti sanra jù. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, báyìí ni òun náà ṣe kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin á máa rẹ́rìn-ín, nítorí aboyún ni gbogbo wọn, kálukú ló sì mọ̀ pé yóò kan òun.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù fún un láti máa pariwo sí. Mọ́rúfù ń ta pákó. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń la gẹdú ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì ní ìyẹn ni Ọlọ́run fi múra òun sílẹ̀ fún ìgbéyàwó. Rédíò rẹ̀ kì í kú láàárọ̀, kì í kú ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ìròyìn lòun fi ń gbọ́. Mùínátù mọ̀ pé ọgbà ló fi yí ara rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò bá a jà sí i, nítorí bó bá jẹ́ pé òun ni ọkùnrin, tí òun sì fẹ́ irú òun, rédíò méjì lòun ìbá rà.

Ọdún tí omi ya wọ àwọn abúlé etí odò ni ohùn náà tún ríṣẹ́. Òjò rọ̀, odò kún, ilé amọ̀ wó, àwọn èèyàn pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n kó ẹní àti ewúrẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sá. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ayépé ni wọ́n kó wọn sí. Obìnrin àti ọmọdébìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Gàrí ń wá, ẹní ń wá, aṣọ ń wá, ṣùgbọ́n omi tó gbé ilé lọ kò gbé oyún lọ, kò gbé nǹkan oṣù lọ, kò sì gbé ìrora abẹ́ obìnrin lọ. Àwọn tó ń bójú tó káǹpù náà kò tètè rò ó débẹ̀, nítorí ọkùnrin ni gbogbo wọn. Nígbà tó yé wọn, wọ́n wá agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Mùínátù fi ti gbé báàgì rẹ̀.

Kíláàsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn ni wọ́n fún un. Ní ọ̀kánkán rẹ̀, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni àwọn ọkùnrin káǹpù náà ń jókòó sí láti òwúrọ̀, nítorí kò sí oko tí wọ́n fẹ́ lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Mùínátù ní Ìjẹ̀bú-Òde ti dáwó jọ ra páàdì ránṣẹ́, páálí lórí páálí. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì náà, ó mí sínú, ó sì gbé ohùn ìyá rẹ̀ jáde pé kí gbogbo ọmọge tí ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ bọ́ síwájú kí wọ́n wá gba páàdì.

Àwọn ọkùnrin abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú wò. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló bọ́ síwájú.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Mọ́rúfù pé ohun ìyanu wà ní Ayépé, pé kò sí ọmọge kan tó ń ṣe nǹkan oṣù ní gbogbo káǹpù náà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìpayà omi ló dá a dúró. Mọ́rúfù ronú sí i díẹ̀, ó ní bóyá ewúrẹ́ yẹn gan-an ló nílò rẹ̀. Mùínátù kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, Mọ́rúfù sì gbà á bí ẹ̀bùn.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Obìnrin kan wá, ó ní nǹkan ń yún òun. Mẹ́trọ̀n bi í lóhùn rara pé ibo ló ń yún un. Obìnrin náà wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ọwọ́ ni. Mẹ́trọ̀n fún un ní ìpara ọwọ́, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, pẹ̀lú orin.

Ẹni kan wà tí inú Mẹ́trọ̀n dùn sí jù ní káǹpù náà. Mardiyah ni orúkọ rẹ̀, ọmọge tí kò tíì pé ogún ọdún, tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti Raheemah, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Híjáàbù ńlá kan ló máa ń wọ̀ tó bò ó dé orúnkún. Ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, kì í jókòó níbi òfófó. Ní ọjọ́ kan tó ń kọjá lọ, Mẹ́trọ̀n nawọ́ sí i láti inú kíláàsì, ó ní kí gbogbo ọmọge wá wo ọmọlúwàbí, pé bí gbogbo wọn bá ń bo ara báyìí, iṣẹ́ agbẹ̀bí ì bá dín kù. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Orí bàbá Mardiyah wú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba ìkíni lọ́tùn-ún lósì. Mardiyah tẹrí ba, ó ń bá garawa rẹ̀ lọ. Mẹ́trọ̀n rò pé ìtìjú ọmọ rere ni.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò pàtàkì wá wo káǹpù ni ohùn náà há. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, Mẹ́trọ̀n sì ti kó àwọn aboyún jọ sínú oòrùn láti kọrin kí wọn. Ó dá orin náà nígbà tí wọ́n rí eruku mọ́tò lókèèrè. Mọ́tò elépo ni. Ó tún un dá fún mọ́tò tó tẹ̀ lé e. Ti oníṣu ni. Nígbà tí àwọn àlejò wá dé ní tòótọ́, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde bí kò ṣe afẹ́fẹ́. Àwọn aboyún dúró, wọ́n ń retí kó dá a. Ó tún la ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rò pé àdúrà ló ń gbà sínú, ó sì ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́rúfù bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì dá a lóhùn bí ewé gbígbẹ. Mọ́rúfù ní, "Alhamdulilahi," ó wá yára ṣàlàyé pé ti ojú ọjọ́ lòun ń sọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó na ọwọ́, ó sì pa rédíò. Ìyẹn ló lé Mùínátù jáde nílé. Ó ní ó sàn kí òun yadi ní Ayépé ju kí òun jókòó máa wo ọkùnrin tí ń gbádùn ara rẹ̀.

Nítorí kò lè pe ẹnikẹ́ni, kò wọ inú kíláàsì. Ó gbé àga sábẹ́ igi furúùtù lẹ́yìn ilé ìdáná, ó jókòó. Obìnrin tí ọwọ́ ń yún wá kí i. Mẹ́trọ̀n ṣe àpèjúwe ọ̀fun, ó fà á mọ́ra, ó sì bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí bóyá ọwọ́ náà ti sàn. Obìnrin náà gbé ẹnu sí etí tirẹ̀, òun náà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mẹ́trọ̀n ni ọ̀fun ń dùn, kì í ṣe obìnrin náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn: ẹni tí a bá bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́ á dáni lóhùn wúyẹ́. Kí wọ́n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta, yíyún náà ti kúrò ní ọwọ́, ó ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Obìnrin yẹn lọ, òmíràn dé. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Aláásárì, wọ́n ti gbọ́ ọ káàkiri káǹpù pé Mẹ́trọ̀n kò lè pariwo mọ́. Àwọn ọmọge tí kì í ṣe nǹkan oṣù ń yọ́ wá, wọ́n ń mú páàdì sábẹ́ aṣọ, páálí àkọ́kọ́ tán, èkejì tẹ̀ lé e. Ìyá ọlọ́mọ kan sọ pé láti ìgbà tí òun ti bímọ nínú ọkọ̀ ojú omi, òun kò lè mú ìtọ̀ dúró. Òmíràn sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní ọjọ́ tí wọ́n ń sá fún omi. Ìyẹn, Mẹ́trọ̀n kò sọ fún Mọ́rúfù pàápàá. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó wá ìtọ́jú fún un, ó sì bá a sunkún.

Ojú ti Mẹ́trọ̀n gan-an. Ó jókòó sábẹ́ igi náà, ó ń ka gbogbo àwọn obìnrin tó ti fi ariwo lé sẹ́yìn ní ọkàn rẹ̀, ó sì ní nínú ara rẹ̀ pé: Mùínátù, ìwọ tí wọ́n ń pè ní àgbà agbẹ̀bí, ó di ìgbà tí Ọlọ́run fi òwú dí ọ lọ́nà ọ̀fun kí o tó gbọ́ iṣẹ́.

Níbẹ̀ ló wà nígbà tí Mardiyah wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹnu sí etí Mẹ́trọ̀n.

"Ẹ̀yin ìyá, orí ń fọ́ mi, kò dáwọ́ dúró. Ojú mi tún ń ṣe bàìbàì."

Mẹ́trọ̀n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti wú débi pé okùn sálúbàtà ti wọ inú ẹran. Ó wo ojú rẹ̀ tó wú. Lẹ́yìn náà ló wá wo híjáàbù tó ti yìn fún gbogbo ayé, ó sì bi í pé oṣù mélòó ni. Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Ó ní ó ti wọ oṣù kẹjọ. Abdulhakeem tí ń jó irin ní Èkó ló ni ín, bàbá òun ló fúnra rẹ̀ fi òun fún un, wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì kí omi tó dé. Láti ọjọ́ tí Mẹ́trọ̀n ti yin òun ni bàbá òun ti ń fi òun yangàn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí bàbá mi má gbọ́ ọ lẹ́nu ará káǹpù, ìyá. Ìtìjú máa pa á."

Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru ni Mẹ́trọ̀n kọ́kọ́ so mọ́ ọn lápá lábẹ́ híjáàbù. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ga dé kò ṣeé fojú kéré. Bí ó bá jẹ́ ìjẹta ni, ì bá ti kígbe rẹ̀ kan Òdogbolú. Ó mọ ohun tó ń bọ̀: gìrì ni, gìrì tí ń mú aboyún tó sì ń gbé tìyátọmọ lọ. Bí ọmọ yìí kò bá dé ọ̀sibítù ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ó tó mú un, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó pe Mọ́rúfù lórí fóònù kó gbé mọ́tò tó fi ń kó pákó wá. Mọ́rúfù gbọ́ èémí lásán. Ó ní, "Hẹ́lò, hẹ́lò, ta nìyẹn?" Nígbà tó yé e pé ìyàwó òun ni, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: "Ìyá Ayman, jọ̀ọ́, gbé ohùn sókè." Bí kì í bá ṣe ti ọmọ tó jókòó tì í, Mùínátù ì bá kú ẹ̀rín. Ó pa fóònù náà, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ti mọ́tò nìkan kọ́. Bí mọ́tò bá wá gbé Mardiyah ní káǹpù, kó tó dé géètì, àwọn abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ti mọ ohun tó ṣe é, wọn á sì ti mọ ẹni tó ni oyún. Mẹ́trọ̀n ronú, ó wá gbé ọwọ́ lé ọ̀fun. Ó fi ojú pe Raheemah, ó sọ ọ́ fún un wúyẹ́ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọmọ náà. Raheemah di orí mú, ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ nǹkan ni. Ó dìde, ó lọ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ọ̀fun Mẹ́trọ̀n ti burú, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀sibítù, Mẹ́trọ̀n sì ń bẹ̀bẹ̀ kí Mardiyah, ọmọlúwàbí, bá a lọ láti tọ́jú rẹ̀.

Bàbá Mardiyah ló kọ́kọ́ dìde. Ó yọ orógbó lápò, ó fi lé Mẹ́trọ̀n lọ́wọ́ pé kó máa jẹ ẹ́, ó dára fún ohùn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Tọ́jú ìyá o. Má jẹ́ kí wọ́n wàhálà ara wọn."

Gbogbo káǹpù sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ̀fun Mẹ́trọ̀n. Mẹ́trọ̀n tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀, Mardiyah di apá rẹ̀ mú, Raheemah gbé ẹrù tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó wò wọ́n á rò pé ọmọ ló ń gbé àgbà dúró. Mẹ́trọ̀n ló ń gbé e. Ẹni tí kò lè pa irọ́ kékeré láìsọ ọ́ sókè wá ń fi gbogbo ara pa irọ́ ńlá láìsọ̀rọ̀.

Mọ́rúfù wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ náà, kò béèrè nǹkan kan. Ó sáré mọ́tò pákó yẹn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde bó ṣe lè sáré tó. Ní ọ̀sibítù, àwọn nọ́ọ̀sì tí Mẹ́trọ̀n ti kọ́ níṣẹ́ rí sáré gbá a mú, wọ́n ti fẹ́ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó lè nawọ́ sí ẹni tí ń ṣàìsàn. Ìgbà tó di pé wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ, Mardiyah ni wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ tí ń dá gìrì dúró, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọmọbìnrin ni. Ìyá yè, ọmọ yè. Mẹ́trọ̀n jókòó sórí ìjókòó ọ̀nà, ó sì jẹ gbogbo orógbó náà tán láìmọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá Mardiyah wọ mọ́tò wá sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ìgò oyin, ó wá kí ọ̀fun Mẹ́trọ̀n. Raheemah ló yọjú rí i ní ẹnu ọ̀nà. Mardiyah di ọwọ́ Mẹ́trọ̀n mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá, ẹ bá mi sọ fún un."

Mẹ́trọ̀n pàdé rẹ̀ níta yàrá. Ó fà á mọ́ra, ó gbé ẹnu sí i létí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà yọ orí sẹ́yìn, ó wò ó, ó la ẹnu láti kígbe, ohun tó jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

"Ta ló ṣe é?"

"Abdulhakeem ni. Ẹni tí ẹ fi fún."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ọmọlúwàbí ni!"

"Ọmọlúwàbí náà ni. Èmi ni n kò mọ ohun tí mò ń yìn."

Bàbá náà gbìyànjú láti bínú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi ìka gún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ohun tí a lè fi wúyẹ́wúyẹ́ bí. Bó bá ti dé ẹnu rẹ̀ ló ń rọ̀. Ó rọ̀ débi tó fi béèrè ohun tó ń dùn ún gan-an.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ẹnu mi ló ń bà á, bàbá. Kì í ṣe tiyín."

Mẹ́trọ̀n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu òun lè ru ẹ̀bi yẹn. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bàbá náà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fọwọ́ nu ìgò oyin. Mẹ́trọ̀n ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí bí ọkùnrin yìí bá yí ẹ̀yìn padà báyìí, kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní lọ́sibítù fún ohun tí yóò ṣe ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn.

Ìgbà náà ni igbe ta nínú yàrá. Igbe náà jáde sí ọ̀nà, ó dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ọkùnrin kan tó ń tòògbé jí. Nọ́ọ̀sì kan sáré wá wò. Bàbá Mardiyah gbójú sókè.

"Ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Ohùn mi nìyẹn," ni Mẹ́trọ̀n wí. "Mo ti ń wá a láti ọjọ́ yìí. Ọmọ-ọmọ yín ló gbé e."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu bàbá náà kó tó mọ̀, omi sì tẹ̀ lé e lójú. Ó wọlé. Mardiyah fi híjáàbù bo ojú, kò lè wò ó. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí, kò sì tíì kí i kú ewu. Ó na ọwọ́, Raheemah gbé ọmọ náà lé e, tòun ti igbe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan náà tó ti fi ń bínú pe ìrun sí etí ọ̀tún ọmọ náà, bí Mùsùlùmí ṣe ń gba ọmọ tuntun sí ayé. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń gbọ́. Mẹ́trọ̀n Mùínátù dúró ní ẹnu ọ̀nà, òun náà ń gbọ́.